Àgbo Rùkáyàt Kò Jẹ̀bi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, tó pe ìpàdé yìí, ní kí n wá sọ fún yín bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní páàtì-táìmù ṣe lè gòkè, kí ìjọba gbà á síṣẹ́, kó sì di ẹni tí àwọn ẹlòmíì ń dìde fún. Wọ́n ní èmi ni àpẹẹrẹ tó dára jù láti Ṣakí títí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà ní ibi púpọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n sọ: ẹ máa tètè dé, ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, ẹ má fi ìwé yín ṣeré. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó gbé mi gòkè nìyẹn. Lónìí ni n ó sọ ohun tó gbé mi gòkè. Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá mi dúró, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹni tó bá fẹ́ dìde kó dìde, ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ kó tutọ́. Òtítọ́ yìí ti rà sínú mi, ó ti ń rùn, imú tèmi nìkan ló sì ń gbóòórùn rẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Mọ́ládé ni orúkọ mi. Ọmọ Ṣakí ni mí, ṣùgbọ́n Ìyá Dámilọ́lá ni wọ́n ń pè mí ní Ìdí-Igbá, abúlé tó wà lẹ́yìn ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé ọdún kòrónà ni. Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera ní òpin ọ̀sẹ̀, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìlera kékeré tó wà ní abúlé náà ní àwọn ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ gidi kò bá fẹ́ wá. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ páàtì-táìmù ṣe rí. Bí aboyún bá ń rọbí, ìwọ ni. Bí ilẹ̀ bá dọ̀tí, ìwọ ni. Bí àlejò bá sì ti Ìbàdàn dé, wọ́n á ní kí o lọ dúró lẹ́yìnkùlé kí àwọn tó níṣẹ́ lè ráàyè jókòó. Mo jẹ ìyà yẹn, ó sì dùn mí wọra. Mo wá pinnu lọ́kàn mi pé bó ti wù kó rí, èmi náà yóò di ẹni tí wọ́n ń gbé àga fún. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn fẹ́ gòkè. Ohun tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gòkè ni ọ̀rọ̀ wà, ohun tí mo tẹ̀ sì lẹ́mìí, ó lórúkọ, ó sì ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà títí di àná.

Àsìkò kajú ni, nígbà tí wọ́n ní kí a máa ti ilé dé ilé lọ kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu. Ẹ̀yin náà yóò ṣe é lọ́la. A ó kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu, a ó fi máákà kun èékánná ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀, a ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ògiri ilé. Àwọn ọ̀gá tó máa ń wá yẹ̀ wá wò lẹ́yìn náà kò lè bi ọmọ ọwọ́ léèrè pé kí ló wọ ẹnu rẹ̀. Ìka ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí ìka tó ti dúdú, wọ́n á kọjá. Bí wọ́n bá rí èyí tí kò lámì, a ó jíhìn. Mo tètè mọ èyí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ tí a ó parí bọ́ sí ọjọ́ tí mo ní ìdánwò ní ọ̀sán ní Ṣakí. Mo ti bẹ ọlọ́kadà kan, ó ti dé, ó dúró sábẹ́ igi, ó ń fọn fèrè bí ẹni tí wọ́n ran níṣẹ́ ikú. Apá ẹ̀yìn abúlé ló kù. Agbo ilé Kàdírì ni mo kọ́kọ́ yà. Kàdírì jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì ti fi àṣẹ lélẹ̀ nínú ilé rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kán ohunkóhun sí ọmọ òun lẹ́nu láìjẹ́ pé òun mọ̀ sí i. Ṣe ẹ mọ ohun táwọn èèyàn ti sọ nípa àjẹsára lágbègbè yìí, pé oògùn òyìnbó ni láti fi sọ ọmọ ẹni di àgàn. Kàdírì wà lóko ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ náà. Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀ ti lọ ṣa kajú. Ìyá Kàdírì, ìyá àgbà Mùyìbátù, ni mo bá nílé pẹ̀lú Bàṣírù ọmọ wọn, tí kò tí ì pé ọdún méjì, tó sùn sórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀.

Mo kí ìyá àgbà, mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọlọ́kadà tó ń pariwo. Wọ́n ní, “Ìyá Dámilọ́lá, Kàdírì ò sí ńlé, n ò sì lè dá a ṣe. Bí o bá kán an, tó bá dé, wàhálà ni. Bí o ò bá sì kán an, àwọn ọ̀gá yín á tún wá máa pariwo lé wa lórí. Sáà bá mi kun ìka ẹ̀, kí o máa lọ. Ta ni ó mọ̀?”

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n jókòó, kí n dúró de Rùkáyàt. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ àjẹsára. Látìgbà tó ti lóyún ọmọ náà ló ti ń bi mí pé ìgbà wo ni a ó máa fún wọn, ó sì ti sọ fún mi rí pé bó bá jẹ́ pé òun wà nílé, òun yóò bẹ ọkọ òun títí yóò fi gbà. Bí kò bá tilẹ̀ gbà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé yìí kò gbà, kí ẹlòmíì padà wá. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń dúró dè mí, bí mo bá sì kọ ilé tí kò gbà, Ọ̀gá Ládòkun yóò ní n kò mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú ìka ọmọ náà tó dì nínú oorun, mo kùn ún. Kò jí. Ó kàn fa ọwọ́ rẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń sùn lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Nígbà tí mo dé ilé tó tẹ̀lé e, n kò tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí mọ́. Mo ń kun ìka bí ẹni tí ń kun ilé, mo kun gbogbo apá ẹ̀yìn abúlé náà. Oògùn tó yẹ kó wọ ẹnu wọn, mo tú u dà sínú koríko lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́, nítorí pé bí ó bá ṣẹ́kù, àṣírí á tú. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ ṣe ìdánwò, mo sì yege. Ìbéèrè kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ nípa àǹfààní àjẹsára. Mo dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí Rùkáyàt dé láti oko, ó rí ìka ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ńṣe ló gbé ọmọ náà kiri àdúgbò, ó ń gbé ìka rẹ̀ sókè fún ẹni tó fẹ́ rí àti ẹni tí kò fẹ́ rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí Kàdírì dé, ó bínú díẹ̀, Rùkáyàt sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ohun tí wọ́n ti kán ti kán. Ọjọ́ tí mo padà dé abúlé, ó gbé abọ́ kajú kan wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Mo jẹ kajú yẹn. Ó dùn.

Òjò rọ̀, iṣu ta, ibà mú Bàṣírù. Ibà lásán ni wọ́n pè é. Nígbà tí ibà náà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dìde mọ́. Rùkáyàt á gbé e nàró, ẹsẹ̀ náà á fì síhìn-ín, á fì sọ́hùn-ún, bí apá ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn. Wọ́n gbé e wá sí ibùdó wa. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ gba ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́, èsì sì dé pé rọpárọsẹ̀ ni. Bóyá bí mo bá ti kán an, àrùn náà kì bá tí mú un. Bóyá ìbá ti mú un náà, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré kì í fìgbà gbogbo tó. N kò ní mọ̀ láyé, ohun tó sì ń jẹ mí nìyẹn: mo gba ‘bóyá’ yẹn lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo tú u sínú koríko.

Abúlé dàrú. Kò sí ẹni tó sọ pé ọmọ náà kò gba àjẹsára. Gbogbo ayé ló ti rí ìka rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti fi hàn wọ́n. Wọ́n ní nígbà náà, àjẹsára ló sọ ọ́ di arọ. Àwọn ìyá tó máa ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa dẹ́kun wíwá. Ọ̀gá Ládòkun wá láti Ṣakí, wọ́n pè mí sẹ́yìn, wọ́n bi mí bóyá mo kán an fún ọmọ náà lóòótọ́. Mo ní mo kán an. Wọ́n ní wọ́n ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n gbà mí síṣẹ́, kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bà á jẹ́, kí n wá ọgbọ́n tí àwọn èèyàn fi máa fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá, ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ẹ bi mí, mo parọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá sọ, ìyẹn pé n kò kán an, abúlé ìbá sì mọ̀ pé àjẹsára kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àga tí mo ti ń wò látọjọ́ pípẹ́ ti wà nítòsí, ìdí mi ti fẹ́ẹ̀ kàn án.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pè wá síwájú mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin wà lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Rùkáyàt gbé Bàṣírù lé itan, ìyá àgbà Mùyìbátù jókòó tì í. Kàdírì dìde. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi bó bá pariwo. Ó ní, “Ìyá Dámilọ́lá, mo ní kẹ́nikẹ́ni má kán nǹkan sí ọmọ mi lẹ́nu. Ẹ kán an. Mo ní kò burú, mo gba kádàrá. Ẹ ní kò ní jẹ́ kó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ó ti rọ báyìí. Kí lẹ kán sí i lẹ́nu?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà fa ìborùn bojú. Mo mọ̀ nígbà náà pé wọn ò ní sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ọmọ wọn ń bà wọ́n ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ, bí tèmi náà ti ń bẹ̀rù ọ̀gá. Ẹ̀yin ọmọ mi, èṣù kì í sọ̀rọ̀ síni létí bí àwọn èèyàn ti máa ń sọ. Ohun téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa wá sí i lọ́kàn. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá kan ní Ìdí-Igbá tí kì í fún ọmọ rẹ̀ ní àgbo. Mo wá yíjú sí Rùkáyàt. Mo bi í pé nígbà tó dé láti oko kajú lọ́jọ́ náà, kí ló fún ọmọ mu? Ó dáhùn láìfura pé àgbo ibà ni, bí òun ṣe máa ń fún un ní ìrọ̀lẹ́. Mo yíjú padà sí àwọn ọkùnrin, mo ní ṣé wọ́n ti gbọ́ fúnra wọn? Mo ní oògùn kò lẹ́bi, ìjọba kò lẹ́bi, àgbo ló pa agbára oògùn kó tó ríbi ṣiṣẹ́. Irọ́ ni o. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi, wọ́n sì gbà á gbọ́ nítorí aṣọ funfun náà.

Rùkáyàt kò jà. Ì bá jà! Ó wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó wá wò mí bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń wo tíṣà. Ó ní, “Ṣé èmi ni, mà?”

Mo ní, “Ìwọ ni.”

Ibi tí mo pa á sí nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ kò lù ú. Ó kàn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ìyá àgbà, ó sì ní kí Rùkáyàt máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó lé ní ọdún kan kí àwọn àgbà tó bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà á padà, kódà lẹ́yìn náà, kò jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Bàṣírù mọ́. Abúlé ní tiwọn fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi, àwọn ìyá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá. Ọ̀gá Ládòkun ní orí mi pé. Mo sọ fún ara mi pé mo gba àjẹsára là, pé ẹnìkan ṣoṣo ló jìyà kí ọgọ́rọ̀ ọmọ má bàa jìyà. Ẹ ò rí bí èèyàn ṣe máa ń wẹ ìka ara rẹ̀ mọ́.

Ǹjẹ́ ó tán síbẹ̀? Kò tán. Bí mo bá fi Rùkáyàt sílẹ̀ níbẹ̀, ǹ bá máa pe ara mi ní òpùrọ́ nìkan. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn abúlé kan lọ́nà Otu kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ àjẹsára. Mo rántí bí Rùkáyàt ṣe wò mí lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá a nílé bàbá rẹ̀, mo ní kó wá bá mi sọ̀rọ̀ fún àwọn ìyá, pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n á gbà. Ó ní bó bá lè gba ọmọ ẹlòmíì là, òun á ṣe é. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú un kiri. Á dìde láàárín àwọn obìnrin, á ní, “Orúkọ mi ni Rùkáyàt, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ọmọ mi jẹ́,” á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn ìyá á bá a sunkún, wọ́n á sì na ọmọ wọn sí wa. Àwọn àlejò wá láti Ìbàdàn wá wò ó. Wọ́n yà wá ní fọ́tò pọ̀, èmi fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi jáde. Kò pẹ́, wọ́n fi mí ṣe olórí ibùdó Ìdí-Igbá, wọ́n sì tún fi mí ṣe alábòójútó àjẹsára fún gbogbo wọ́ọ̀dù yìí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe gòkè: ẹ̀yìn Rùkáyàt ni mo gùn, òun gan-an ló sì bẹ̀rẹ̀ kí n lè gùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó burú jù, kí ẹ̀rù tó dá mi dúró. Ìyá àgbà Mùyìbátù dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ara wọn ti ń tán lọ, èmi ni mo sì ń lọ fún wọn ní abẹ́rẹ́ nílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Ìyá Dámilọ́lá, ṣé kí n gbé ọ̀rọ̀ ìka yẹn lọ sí sàréè ni? Mi ò lè gbé e lọ. Bá mi pe Kàdírì.” Kàdírì wà lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ ìró àdá rẹ̀ níbi tó ti ń la igi. Mo ní ó ti lọ sóko. Wọ́n ní bó bá dé, kí n jẹ́ kó wá. Mo ní mo ti gbọ́. Mo dìde nídìí ìbùsùn wọn, mo gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, mo ní ìyá ń sinmi. Kàdírì fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó bi mí bí ara ìyá ṣe rí, mo ní wọ́n ti sùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí oòrùn tó yí, ìyá ti kọjá lọ, wọn ò sì rí ọmọ wọn sọ̀rọ̀ fún. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó lè dúró ti Rùkáyàt, èmi ni mo dì í lẹ́nu títí ẹ̀mí fi bọ́. Wọ́n pè mí síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wo oore tí mo ṣe ìyá.

Mo rò pé mo ti bọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrín-ganrín, Rùkáyàt fi ẹsẹ̀ rin wá sí ibùdó pẹ̀lú ọmọ tó bí lẹ́yìn tó padà sílé ọkọ, Waheedat, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀tẹ̀. Ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná ọjọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, kò lè sunkún mọ́. Mo pariwo mọ́ Rùkáyàt pé kí ló dé tí kò fún ọmọ lómi. Ó ní omi wà lọ́wọ́ òun. Lóòótọ́, ike omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún, kò tíì kàn án. Ó ní, “Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ni, mà. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ò dáa. Ṣé kí n fún un?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbẹ̀bí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, mo ti fi aṣọ di òkú, n kò rí irú èyí rí. Ìyá tó rin ìrìn yẹn lábẹ́ oòrùn, tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹ lọ lẹ́yìn rẹ̀, tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì fún un mu, nítorí mo ti sọ fún un pé ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wọ ẹnu ọmọ ń pani. A fún Waheedat lómi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀, ó yè é. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Èmi ni ǹ bá pa á, n kò sì ní sí níbẹ̀ rárá.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jẹun dáadáa mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sílé Rùkáyàt. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i lọ́mọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí: pé n kò kán nǹkan kan sí Bàṣírù lẹ́nu, pé ìyá ọkọ rẹ̀ mọ̀, pé àgbo kò pa oògùn kankan, pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó gbá mi létí. Mo ní kó pe ọkọ rẹ̀ wá. Ó ń wò mí, ó ń mi orí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó fà mí dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún mi. Ó ní, “Ìyá Dámilọ́lá, àánú mi ló ń ṣe yín. Ẹ ti ṣe mí lóore tó, ẹ tún fẹ́ bá mi ru ẹrù mi. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má parọ́ torí mi, mà. Èmi ni.”

Kò gbà mí gbọ́. Mo búra, kò gbà. Nígbà tí mo parọ́, ọ̀rọ̀ kan tó; nígbà tí mo sọ òtítọ́, ó ní inú mi dára jù. Ẹni tí ìbá bá mi jẹ́rìí ti wà lábẹ́ ilẹ̀, mo sì mọ ẹni tó fi ìdí àga dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Nígbà tí mo lọ bá Kàdírì lóko, òun gbà mí gbọ́. Ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí ebè títí mo fi lọ. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ sì ní nọ́ọ̀sì ló bẹ̀ ẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, n kò wá bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ọ̀gá Ládòkun, ẹ ṣe ohun tí òfin bá ní kí ẹ ṣe. Mo ti kó ẹrù mi kúrò ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe páàtì-táìmù, ẹ fẹ́ gòkè, ẹ ó sì gòkè. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ sáà kun ìka kí ẹ máa lọ, ọlọ́kadà yóò sì máa fọn fèrè. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa lọ. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò máa lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé yìí kò gbà, kí ọ̀gá bínú sí yín, ìbínú ọ̀gá kì í wọ egungun.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́la, ẹ ó pín ara yín sí àwọn abúlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé Ìdí-Igbá, ẹ béèrè ilé Rùkáyàt. Yóò fún yín ní omi, yóò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ̀ fún yín bí mo ṣe kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun. Bí kò bá gba ẹni àkọ́kọ́ gbọ́, kí ẹni kejì sọ ọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà sọ ọ́, kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí títí yóò fi sú u láti kọ̀. Bó bá sì bi yín pé ta ló wá ṣe é, ẹ má sọ pé nọ́ọ̀sì kan ni. Ẹ dárúkọ mi. Ẹ ní Mọ́ládé ni.